Ẹ Má Ṣe Bu Igbó fún Àgbà Tó Ń Ṣarán

Ẹ̀yin ọmọ mi tí òbí yín ti ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n yín pè yín, ẹ̀yin tí ìyá yín ń béèrè ìgbà tí bàbá yín máa ti oko dé, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí bàbá ti papòdà, ẹ̀yin ni mò ń bá wí lónìí. Ọ̀rọ̀ igbó ni mo bá wá. Mo ń gbọ́ pé àwọn kan ti ń bu ewé rẹ̀ sínú ẹ̀kọ mímu ìyá arúgbó. Mo ń gbọ́ pé ọmọ ń ti Lọ́ńdọ̀nù fi òróró inú ìgò kékeré ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ n'Íbàdàn, pé kí wọ́n máa kán an sábẹ́ ahọ́n rẹ̀ láràárọ̀, iyè á bọ̀ sípò. Ẹ dá ọwọ́ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìròyìn yìí ti wá fún yín kí ẹ tó tún kán ẹyọ kan sí i.

Òótọ́ wà nínú ìròyìn náà, òótọ́ yẹn gan-an ló sì jẹ́ kó léwu. Irọ́ pọ́ńbélé kì í pẹ́ tú. Òótọ́ tí wọ́n bù lábọ̀ ló máa ń ba ilé jẹ́.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Yunifásítì Bonn lórílẹ̀-èdè Jámánì, tí Andreas Zimmer àti Andras Bilkei-Gorzo ṣáájú wọn, gbé iṣẹ́ kan jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó wà ní Yunifásítì Hébérù ní Jerúsálẹ́mù. Eku ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n pín eku sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: àwọn olóṣù 2, àwọn olóṣù 12 àti àwọn olóṣù 18. Eku kì í pẹ́ láyé, bó bá lo ọdún méjì sí mẹ́ta ó ti gbó, nítorí náà èyí tó ti pé oṣù 18 ti kúrò lọ́dọ̀ọ́. Wọ́n ki ẹ̀rọ tíńtín kan bọ abẹ́ awọ wọn. Ẹ̀rọ yìí ń tú THC sí wọn lára díẹ̀díẹ̀, ìyẹn èròjà inú igbó tó máa ń mú ojú èèyàn yí, mílígíráàmù 3 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, fún ọjọ́ 28. Lẹ́yìn náà wọ́n dá a dúró, wọ́n jẹ́ kí ó kúrò lára wọn, wọ́n wá dán iyè wọn wò.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dán iyè eku wò yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n á pọn omi sínú agbada ńlá roboto kan, wọ́n á pò ó mọ́ nǹkan tí kò ní jẹ́ kí ojú rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á wá rọra gbé pèpéle kékeré kan pamọ́ sábẹ́ omi náà. Wọ́n á ju eku sí i. Eku mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn omi, á máa wá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa bà, imú rẹ̀ nìkan ló máa yọ sókè, títí á fi ṣèèṣì kan pèpéle náà. Wọ́n á tún jù ú sí i, wọ́n á tún jù ú sí i. Àwòrán wà lára ògiri yí i ká tó lè fi ṣe àmì. Eku tí iyè rẹ̀ pé, kò ní pẹ́ tí á fi máa gba ibẹ̀ lọ tààrà. Èyí tó ti darúgbó á máa pòyì kiri bí ẹni pé kò dé ibẹ̀ rí. Richard Morris ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ ní ilẹ̀ Scotland ní nǹkan bí ogójì ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, títí dòní òun ni wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé.

Kí ni wọ́n rí ní Bonn? Àwọn eku àgbà tó gba THC bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ọ̀dọ́. Wọ́n rántí ọ̀nà, wọ́n dá eku tí wọ́n ti bá pàdé mọ̀. Nígbà tí wọ́n sì wo inú ọpọlọ wọn, okùn tó so sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan mọ́ èkejì ti pọ̀ sí i. Ibí yìí ni àwọn oníròyìn dúró sí. Ibí yìí náà ni fídíò tí àwọn ọmọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn lórí WhatsApp parí sí.

Ẹ wá gbọ́ ìlàjì kejì. Àwọn eku olóṣù 2 tó gba oògùn kan náà, ìwọ̀n kan náà, fún iye ọjọ́ kan náà, àwọn ni iyè wọn bàjẹ́. Wọn kò mọ ọ̀nà mọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọn kò fún ní nǹkan kan. Àlàyé tí àwọn ará Bonn ṣe ni pé ọpọlọ ẹ̀dá fúnra rẹ̀ máa ń pèsè nǹkan tó jọ èròjà igbó, tó ń dínkù bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè. Ọdún 1992 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ọ̀kan nínú rẹ̀, ní Ísírẹ́lì. THC wá bá eku àgbà dí àlàfo yẹn. Ti ọ̀dọ́ ò ní àlàfo. Bí ẹni ń rọ epo sínú fìtílà tó ti kún ni, ó dà sílẹ̀, ó sì ba aṣọ jẹ́.

Ohun kan tún wà tí mi ò rí ẹnikẹ́ni tó ń sọ ọ́. Àwọn eku àgbà ti Bonn kì í ṣe aláìsàn. Ọjọ́ orí lásán ló mú iyè wọn rọ. Àìsàn tó ń mú kí ìyá yín sọnù lójú ọ̀nà ilé tó fi ogójì ọdún gbé, èyí tí Alois Alzheimer kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1906 lẹ́yìn tó yẹ ọpọlọ obìnrin kan wò, kì í mú eku. Kò sí i nínú ẹ̀dá wọn. Kí wọ́n tó lè rí eku tó ní in, àfi kí wọ́n gbé àbùdá èèyàn tó bàjẹ́ sí eku lára láti inú oyún, kí ìdọ̀tí irú èyí tó ń dì sínú ọpọlọ aláìsàn lè dì sínú tirẹ̀ náà. Àpẹẹrẹ àìsàn ni eku bẹ́ẹ̀ ń gbé kiri. Gbogbo àìsàn náà kọ́ ló wà lára rẹ̀.

Wọ́n ti lo irú eku yìí fún èròjà igbó pẹ̀lú. Ní Ọsirélíà, àwọn tó ń bá Tim Karl ṣiṣẹ́ fún wọn ní CBD, èyí tí kì í pa èèyàn bí ọtí, mílígíráàmù 20 fún kílò kan. Nínú iṣẹ́ wọn kan lọ́dún 2014, oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi fún wọn, láti ìgbà èwe wọn. Àwọn eku náà kò gbàgbé ojú ẹni tí wọ́n ti rí. Ó dára. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí inú ọpọlọ wọn kò dínkù, akọ eku nìkan ni wọ́n sì lò. Ìyá yín tí ẹ fẹ́ kán òróró fún, ṣé akọ eku ni?

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ sọ pé bàbá yìí ń fi iṣẹ́ onímọ̀ ṣeré, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun kan tó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 1999, Dale Schenk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gún eku alárùn ìgbàgbé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kan. Ìdọ̀tí inú ọpọlọ eku ṣí kúrò. Ariwo ta, gbogbo ayé yọ̀. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní ọdún 2002, wọ́n ti dá a dúró ní kíá, nítorí pé nínú nǹkan bí 300 aláìsàn tó gba abẹ́rẹ́ náà, ọpọlọ 18 wú, ó gbóná janjan. Eku kan ò sọ fún wọn pé èyí ń bọ̀. Èyí tó dùn mí jù nínú ìtàn náà ni ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́dún 2008: àwọn kan lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́ yẹn, nígbà tí wọ́n kú tí wọ́n yẹ ọpọlọ wọn wò, ìdọ̀tí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ti ṣarán dé góńgó kí wọ́n tó kú. Ohun tó wo eku sàn ṣiṣẹ́ rẹ̀ lára èèyàn, aláìsàn ò sì dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Láàárín ọdún 2002 sí 2012, nínú ọgọ́rùn-ún oògùn àrùn yìí tí wọ́n gbé dé ara èèyàn, ó lé ní 99 tó forí ṣánpọ́n. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ló ti kọ́kọ́ ṣe eku láǹfààní.

Wọ́n ti ń dán èròjà igbó wò lára àgbàlagbà tó ń ṣarán pẹ̀lú. Ní Netherlands, wọ́n kó aláìsàn 50 jọ, wọ́n fún apá kan ní THC mílígíráàmù 1.5 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n fún apá kejì ní oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2015: kò sí ìyàtọ̀. Ní Toronto ní Kánádà, wọ́n lo nabilone, èyí tí àwọn apoògùn fi ọwọ́ ṣe láti fara jọ THC. Lọ́dún 2019 wọ́n ròyìn pé ó dín ìjà àti àìlèjókòó kù lára àwọn aláìsàn. Inú mi dùn sí èyí, ẹni tó bá ti tọ́jú àgbà tó ń lu èèyàn lóru mọ ohun tí ìsinmi jẹ́. Ṣùgbọ́n 45 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni oorun gbé nígbà tí wọ́n ń lò ó, nígbà tó jẹ́ 16 péré nínú oògùn òfìfo. Ẹ tún kíyè sí i pé ìjà ni wọ́n ń wá oògùn sí. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí pé ìyá yóò tún máa rántí orúkọ ọmọ.

Ká fi eku sílẹ̀ ká bọ̀ wálé. Láti ọdún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àti àwọn Adesola Ogunniyi, Olusegun Baiyewu àti Oye Gureje, pẹ̀lú Hugh Hendrie láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ agboolé kan bọ́ sí òmíràn ní Ìdíkàn n'Íbàdàn. Wọ́n ń jókòó ti àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè, wọ́n ń fi èdè Yorùbá bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n ń bi àwọn ọmọ wọn, wọ́n ń padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan láti wo ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń lọ. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe láàárín àwọn adúláwọ̀ ní Indianapolis. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun kò rí òpin rẹ̀, ó kú lọ́dún 1995. Èsì ńlá rẹ̀ jáde lọ́dún 2001, àwọn Yorùbá 2,459 àti àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà 2,147 ló wà nínú rẹ̀: nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, èèyàn 1.35 ni àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dún kan n'Íbàdàn, ó jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Àbùdá kan sì wà tí wọ́n ń pè ní APOE e4, tó ń ti ọ̀pọ̀ èèyàn sínú àìsàn yìí ní òkè òkun. Lára àwọn àgbà Ìdíkàn, agbára rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ rò ó wò. Àwọn tí baba ńlá wọn ti etí òkun wa yìí lọ, tí òkun nìkan ló là wá láàárín, ohun tó ń ṣe ọpọlọ tiwọn kò rí bákan náà pẹ̀lú ohun tó ń ṣe ọpọlọ tiwa. Tí èèyàn sí èèyàn bá lè yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló mú un dá yín lójú pé ohun tó bá eku Bonn mu yóò bá ìyá yín mu? Ẹ wo sùúrù tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ Ìdíkàn yẹn pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó sáré. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ọbẹ̀ yìí sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí àgbà kì í ṣe ọmọdé. THC máa ń mú kí ọkàn sáré, ó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru já wálẹ̀ lójijì nígbà téèyàn bá dìde. Àgbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, tó dìde lóru láti lọ tọ̀, tí òòyì kọ́, tó ṣubú, tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í tún rìn mọ́. Igbó tún lè mú kí ẹni tó ti ń rí òkú lójú tẹ́lẹ̀ máa rí wọn sí i. Ti CBD náà kò mọ́ tónítóní bí wọ́n ṣe ń polówó rẹ̀. Ó máa ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti sọ àwọn oògùn mìíràn di fífọ́. Ẹni tó ń lo warfarin kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má bàa dì, oògùn náà lè pọ̀ kọjá lára rẹ̀, kó máa ṣẹ̀jẹ̀. Kódà Epidiolex, oògùn CBD tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2018 fún àwọn irú wárápá líle kan tó ń ṣe ọmọdé, dókítà ní láti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀ ń fara gbá.

Oògùn tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n fọwọ́ sí nìyẹn. Ti inú ìgò yín ńkọ́? Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ra ọjà CBD 84 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré ni ohun tó wà nínú ìgò bá ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ mu. THC wà nínú 18 lára wọn. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní ìlú ọba, ẹ mọ̀ pé wọ́n ń ta òróró yìí ní gbangba lọ́dọ̀ yín bí ẹni ta oyin. Àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ níbẹ̀ kan náà ló sọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 pé kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le má ṣe kọjá mílígíráàmù 10 lóòjọ́. Tẹni tí ara rẹ̀ le ni wọ́n sọ. Màmá tó ń lo oògùn mẹ́rin lójúmọ́ kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo ti sọ pé òótọ́ abọ̀ ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ kiri, ẹ̀yin lẹ jẹ gbèsè abọ̀ kejì. Ọmọkùnrin kan nàka sí fóònù níwájú mi, ó ní, "Bàbá, ẹ ò rí i pé igbó ń ṣe ọpọlọ lóore?" Ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni. Eku olóṣù 2 ni òun nínú ìtàn yẹn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé mílíọ̀nù 10.6 èèyàn ló lo igbó láàárín ọdún kan, Ìwọ̀ Oòrùn Gúúsù wa yìí ni lílo oògùn olóró sì ti gbilẹ̀ jù, 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Dókítà Tolani Asuni ti ilé ìwòsàn ọpọlọ Árò l'Ábẹ́òkúta ti kọ̀wé nípa ohun tí igbó ń dá sílẹ̀ lára àwọn aláìsàn ọpọlọ láti ọdún 1964. Àwọn tí wọ́n wà nínú ìwé yẹn ìbá ti di bàbá àgbà báyìí.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má ṣe ìwádìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Gómìnà Rotimi Akeredolu ti ìpínlẹ̀ Oǹdó rìnrìn àjò lọ sí Thailand láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún oògùn. Bí ìjọba bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn, kí wọ́n kọ́kọ́ ná owó sórí irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìdíkàn, kí wọ́n dán an wò lára àwọn àgbà wa lábẹ́ ojú dókítà, kí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Kí wọ́n tó ṣe é, oko igbó ò tíì di ilé ìwòsàn.

Kí ẹ wá ṣe kí ni? Ẹ má sọ pé àjẹ́ ni ìyá. Àgbà tó ń rìn lóru, tó ń sọ̀rọ̀ sí ògiri, aláìsàn ni. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, bí ẹ bá lè dé UCH n'Íbàdàn, ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tí wọ́n ṣí níbẹ̀ lọ́dún 2012 wà. Kí dókítà kọ́kọ́ wá àwọn ohun tó máa ń fara jọ àrùn yìí tó sì ní oògùn: kòkòrò nínú ìtọ̀, ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, àìtó fítámì B12, ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ agbárí lẹ́yìn tó ṣubú, ìbànújẹ́ ọkàn, àti oògùn oorun tí ẹnì kan rà fún un nílé kẹ́míìsì. Mo mọ àwọn tí wọ́n ti ń sunkún lé lórí bí òkú, tó jẹ́ pé kòkòrò inú ìtọ̀ ni. Ẹ wo etí rẹ̀, ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ sọ lọ́dún 2024 pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ní àrùn ìgbàgbé, nǹkan bí 45 ni ìbá ti ṣe é ṣe láti dá àrùn náà dúró tàbí láti sún un síwájú, bí wọ́n bá tètè mójú tó irú nǹkan wọ̀nyí láti ìgbà èwe dé àgbà.

Mo mọ ẹni tó ń bu igbó sínú ẹ̀kọ. Kì í sábà jẹ́ ìkà. Ọmọbìnrin kan ni lọ́pọ̀ ìgbà, tí gbogbo ẹbí fi ìyá tì, tí kò sùn fún oṣù púpọ̀, tí ìyá ń nà, tí ìyá ń pè ní olè. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà l'Ékòó, wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n wà ní Houston, wọ́n ń fi oògùn àti àmọ̀ràn ránṣẹ́. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, owó tí ẹ ń ra òróró yẹn, ẹ fi gba ẹnì kan tó mọ́ lọ́wọ́, tó ní sùúrù, kó máa jókòó ti màmá ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín sùn. Ẹ pè é, kì í ṣe láti bi í bóyá màmá ti jẹun, ẹ bi òun gan-an bóyá ó ti jẹun.